Ẹ̀rọ Ìyanja Ìyá Rẹ

Lẹ́yìn Mayfair,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1994.

Ìbùkúnọlá, ọmọ mi àtàtà,

Mo nírètí pé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ ní Jọ́ọ̀sì, àti pé òtútù ibẹ̀ kò tíì sọ ọ́ di ẹni tó ń wọ ibọ̀sẹ̀ sùn. Ara èmi bàbá rẹ le, àfi orúnkún tó máa ń rán mi létí ọjọ́ orí mi bí òjò bá ti ṣú. Kí Olúwa tó ń pa wá mọ́ níbí pa ìwọ náà mọ́ lọ́hùn-ún, kí iṣẹ́ olùkọ́ tí ò ń ṣe dùn mọ́ ọ, kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ sì máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí o ṣe ń gbọ́ tèmi lọ nígbà tí o wà ní kékeré.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Lẹ́tà rẹ dé, òmíràn tún tẹ̀ lé e, mi ò sì fèsì sí ìkankan. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Mi ò ní èsì tí mo lè fún ọ ni, nígbà tí mo sì wá ní in, ẹnì kan ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Wàá mọ ẹni náà láìpẹ́. Wá ibi jókòó, torí o mọ̀ mí, bí mo bá ti mú bírò, ó di ìgbà tí ìwé bá tán.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí o bá ọ̀rọ̀ náà dé. Nígbà tí o wálé ọdún Àjíǹde, ìwọ lo mú ìyá rẹ lọ rí dókítà ojú. Ìṣojú rẹ ni dókítà ṣe sọ pé ohun funfun kan ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun lè fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n èéfín ẹja ti mú kí ojú náà pọ́n, kó sì máa ṣomi, òun kò sì ní fọwọ́ kan ojú tí wọ́n á tún gbé padà sínú èéfín. Kí ìyá rẹ mú ọ̀kan nínú méjì, ojú tàbí ààrò. O padà sí Jọ́ọ̀sì, o kọ̀wé pé kó fi ẹja sílẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, kó jókòó sórí àga, kó sinmi. Mo ka lẹ́tà náà sí i létí. Ẹja àrọ̀ ló ń ká lọ́wọ́ nígbà náà, ó ń fa ìrù rẹ̀ wá sí ẹnu, ó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún un pọ̀. Kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Ẹ bá mi kí i dáadáa." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún lọ ra ẹja.

Má rò pé agídí lásán ni. Nítorí pé inú ẹja la bí ọ sí, ó lè má yé ọ bí iṣẹ́ ìyá rẹ ṣe níyì tó ní ìlú yìí. Ẹja rẹ̀ kì í korò, kì í jóná, kì í gbẹ lẹ́yìn kó tutù nínú. Ní ọjà Enúwà, àwọn obìnrin máa ń bi alátẹ pé, "Ṣé ti Àníkẹ́ ni?" kí wọ́n tó béèrè iye tó jẹ́. Bí ẹnì kan bá bímọ, ọkọ rẹ̀ á wá kan ilẹ̀kùn wa láti ra èyí tí wọ́n á fi se ọbẹ̀ ata fún ìyá ọmọ. Èmi ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ yunifásítì títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó wá mi wálé rí nítorí bí mo ṣe mọ ìṣó àti gílóòbù iná í tò. Mo máa ń yangàn níta pé èmi ni ọkọ Àníkẹ́, bí mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú àti ààrò yìí kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá ní kó fi ẹja sílẹ̀, mo ti gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, ojú rẹ̀ ń lọ, mo sì ń wò ó. Bí mo ṣe ń yí gbiri lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn títí di oṣù kẹfà, tí ọ̀mọ̀wé Oyèlárán ránṣẹ́ pè mí.

O lè má rántí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì ni, a ti mọra láti ìgbà tí mo wà ní sítọ́ọ̀. Òun náà ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí South Africa bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Àga ni mo bá lọ. Ibi tí mo ti ń wá àga kiri nínú gáráàjì rẹ̀ ni mo ti rí irin dúdú kan tó rí bí àgbá tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó ní ìdérí, ó ní páìpù èéfín, àpótí irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan ẹran àti ẹja ni, Amẹ́ríkà ni mo ti gbé e bọ̀. Kì í jẹ igi, kóró igi ló ń jẹ." Ó ṣí àpò kan fún mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ títí ó fi di kóró wẹ́wẹ́ tó le. Inú àpótí yẹn ni wọ́n ń dà á sí, irin kan tó ń yí bíi ti inú ẹ̀rọ ìlọta á máa gbé e lọ sídìí iná díẹ̀díẹ̀, fáànù kékeré á máa fẹ́ ẹ. Èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ̀nba tó sì wà á gba páìpù jáde lọ sókè. Ọ̀mọ̀wé ní, "Ẹni tó ń yan nǹkan lè pa ìdérí dé, kó lọ jókòó sí pálọ̀."

Ìbùkún, mo ní kó tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn sọ. Mi ò rántí àga mọ́ títí mo fi délé.

Orí takisí la gbé e sí. Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà náà, awakọ̀ sì ń kùn láti géètì yunifásítì títí dé Mayfair pé irin yìí á mu epo òun tán. Gbogbo ẹni tó rí wa ló ń béèrè ohun tó jẹ́. Mo yọ orí síta lójú fèrèsé, mò ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀rọ ìyanja ìyàwó mi ni," bí ẹni tó ra ọkọ̀ òfúrufú. Nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyá rẹ jáde wá. Ó fọwọ́ pa á láti orí dé ẹsẹ̀, ó fọwọ́ kan páìpù, ó fọwọ́ kan ìdérí, ó kan ilẹ̀kùn àpótí. Mo rò pé ó wù ú ni. Ó wá kojú sí mi, ó ní, "Ta ló kú tí ẹ gbé pósí rẹ̀ wá sílé mi?"

O mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìwé ìlànà. Èyí tó bá ẹ̀rọ náà wá, mo kà á láti èèpo dé èèpo. Mo wá ibi tó tẹ́jú lẹ́yìn ilé ìdáná, mo kan páànù lé e lórí nítorí òjò, mo jẹ́ kó jìnnà sí ògiri. Iná mànàmáná tí Amẹ́ríkà ń lò kò lágbára tó tiwa, nítorí náà ọ̀mọ̀wé fún mi ní tiransifọ́má kékeré kan tó ń dín agbára iná kù, tó wúwo bí òkúta, ó sì kìlọ̀ pé bí mo bá ki ẹ̀rọ yẹn bọ ara ògiri tààrà, ara rẹ̀ ló máa yan. Mo so okùn pupa mọ́ wáyà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì. Ìwé ní ká kọ́kọ́ tan án lófìfo kí ọ̀rá àtijọ́ lè jó dànù, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo da kóró sínú àpótí, mo fi iná sí díẹ̀ nínú ìkòkò iná rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wúyẹ́wúyẹ́. Èéfín tínínrín kan yọ lórí páìpù, ó gba orí ògiri lọ. Ìyá rẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ààrò rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera.

Ẹja àkọ́kọ́, èmi ni mo yan án, bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó jáde, ó pọ́n, ó ń dán, mo jẹ níbẹ̀, mo yin ara mi. Ìyá rẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, ó ní, "Ẹja yìí ṣì lè wẹ̀ bí wọ́n bá dá a padà sómi." Òótọ́ ló sọ. Ẹja tí wọ́n á jẹ lọ́jọ́ kan náà ni ìwé ń sọ. Ẹja tiwa á lọ sọ́jà, á dúró de ẹni tó máa rà á, á tún lọ gbé inú apẹ̀rẹ̀ nílé onílé. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí ààrò, ó tẹ̀ ba, ó ń fẹ́ iná, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo jókòó ti ìwé ìlànà mi bí ọmọ iléèwé tó gba òdo.

Nígbà tí a tún fẹ́ yan òmíràn, mo na ọwọ́ sí ìwé, ìyá rẹ ní, "Ẹ jókòó." Òun fúnra rẹ̀ to ẹja sínú ẹ̀rọ, ó dín iná rẹ̀ kù pátápátá, ó dé e, ó wá tẹ etí sí ìdérí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Aago kékeré kan wà lára ìdérí náà tó ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó bi mí pé, "Kí ni aago yẹn ń sọ?" Mo ní iwájú rẹ̀ ló kúkú wà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ tóbi ju ti aago ọwọ́ lọ, kò sì jìnnà sí imú rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kà á fún mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ọwọ́ tó fi ra ẹ̀rọ náà lára lọ́jọ́ tí a gbé e dé, kì í ṣe pé ó wù ú, ó ń fi ọwọ́ wò ó ni. Mo rántí pé ní ọjà, ó máa ń bi oníbàárà pé, "Èló lo kó lé mi lọ́wọ́ yẹn?" tí gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Mo rántí Bíbélì tó máa ń ṣí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í sì í ṣí ojú ewé kejì. Ohun funfun yẹn ti bo ojú rẹ̀ kọjá ohun tó jẹ́ kí ìwọ, èmi, tàbí dókítà mọ̀. Gbogbo ẹja tí ìlú ń yìn láti ìgbà yẹn wá, etí àti ìka ló fi ń yan án. Ó ń gbọ́ ìgbà tí ọ̀rá dáwọ́ kíkán dúró. Ó ń gbóòórùn awọ ẹja nígbà tó bá fẹ́ yí padà. Ó ń fi ìka wá ẹnu ẹja, ó ń fi ìka wá ìrù rẹ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ kò sì gún un lọ́wọ́. Mo ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ irú ẹni tí mo fẹ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ohun tó sọ rèé, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀: "Ìdí ẹja nìkan ni mo ti mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ mi, ọjọ́ náà ni mo fọ́jú." Mo sunkún, ọmọ mi. Kò sí èéfín níbẹ̀ tí mo lè dá lẹ́bi.

Mo ka aago fún un. Ó ní kí n dín in, mo dín in. Ó ní kí n fi òkúta wẹ́wẹ́ gbé ìdérí sókè díẹ̀ kí omi ara ẹja lè ráyè jáde, ìyẹn ò sí nínú ìwé, mo ṣe é. Ó ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí páànù. Nígbà tó gbé e jáde, ó bu díẹ̀ sí mi lẹ́nu. Ó gbẹ dé egungun, ó sì dùn. Mo kó ìwé ìlànà lọ sínú àpótí aṣọ.

Kò pẹ́ tí kóró inú àpò fi tán, ọ̀mọ̀wé sì ti lọ. Mo ti ń ronú ẹni tí mo máa kọ̀wé sí ní Amẹ́ríkà nígbà tí ìyá rẹ ní kí n mú òun lọ sí sọ́míìlì. Ó bu lẹ́búlẹ́bú pákó lẹ́kùnwọ́ lẹ́kùnwọ́, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń da èyí tí òórùn rẹ̀ bá korò nù. A gbé àpò kan délé. Ó fi sítáàṣì pò ó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i wẹ́wẹ́ bí àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí ti ń ṣe, ó sá a sórí ẹní. Àwọn àkọ́kọ́ tóbi jù, wọ́n há sẹ́nu irin. Ó ṣe òmíràn tó kéré sí i, ẹ̀rọ sì jẹ ẹ́ láìhá. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, èmi ni mo ń fi ọwọ́ yí irin náà, tí mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí n sinmi. Mo ti di Nẹ́pà kejì.

Jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi Akínkúnlé fún ọ kí n tó gbàgbé. Ó ń kọjá lójú títì, kò rí èéfín lórí ògiri wa fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì rò pé àìsàn ti dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀. Ó yà wá kí i. A ti tún lọ sí sọ́míìlì. Ìwọ náà mọ̀ pé Akínkúnlé kì í wọlé wa kó má jẹun. Ó rẹ gaàrí, ó wo ẹní tó wà nínú oòrùn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí a dé, ó ń jẹ ẹ́ lọ, gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ ló yọ. Ó ní, "Ìyàwó wa, kúlíkúlí yín le o." Ìyá rẹ ní, "Ọkọ mi, kúlíkúlí wo?" Nígbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Akínkúnlé ní òun ò ní padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ó padà wá lọ́jọ́ Àìkú.

Láti ìgbà tí kò fẹ́ iná ààrò mọ́ ni ojú rẹ̀ ti dáwọ́ omi dúró. Pípọ́n rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ó wẹ̀, ó múra, ó jókòó sí pálọ̀, ó ní, "Ẹ mú mi lọ." Dókítà ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó wò ó, ó ní ṣé ó ti wá fi ẹja sílẹ̀ báyìí. Ìyá rẹ ní, "Rárá o, ẹja wà níbẹ̀." Èmi ni mo ṣàlàyé ẹ̀rọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ìyá rẹ ló ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí ọ. Ó ní bí kò bá bọ́ sí i, òun ò fẹ́ kí o dá nìkan sunkún nílùú onílùú.

Ó bọ́ sí i, Ìbùkún. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe, ti òsì di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo ojú fèrèsé, ó wá kọjú sí mi. Ó wò mí pẹ́ títí. Mo ń retí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó ní, "Ṣé bí ẹ ti darúgbó tó nìyí, tí ẹ ò sì sọ fún mi?" Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi ní ká má dí àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Wọ́n ti fún un ní awò ojú báyìí. Ó nípọn bí ìdí ìgò, ó sì yẹ ẹ́.

Èsì lẹ́tà rẹ nìyí: ìyá rẹ kò ní wá gbé lọ́dọ̀ rẹ, àbẹ̀wò ló máa wá ṣe nígbà tí ìsinmi bá dé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi pè é, òun náà mọ̀. Hàlímàt, ọmọ àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó ń bọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ló mú ìwé yìí wá, pẹ̀lú àpò ẹja kan. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú rẹ máa rí rere. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ níyì lójú ènìyàn bíi ti ìyá rẹ. Kí ọkọ tí o máa fẹ́ mọ iyì rẹ kíákíá, kó má ṣe pẹ́ bíi tèmi. Wàá bá wa láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àlàní Lágúnjú.

Àfikún: Mo fẹ́ fi òǹtẹ̀ dí ìwé yìí, ìyá rẹ sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n dìde lórí àga.

Ìbùkúnọlá mi, èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ eléyìí. Ìkọ̀wé mi wọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn. Mo ti ka gbogbo ohun tí bàbá rẹ kọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò parọ́. Ẹja kan wà nínú àpò yẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jó, tí orí rẹ̀ sì fẹ́ já. Má gbé e fún àlejò, ìwọ ni kó o jẹ ẹ́. Òun ni mo kọ́kọ́ yan lẹ́yìn tí ojú mi là. Mo ṣáà ń ṣí ìdérí kí n lè wò ó bó ṣe ń pọ́n, mo sì gbàgbé láti tẹ́tí sí i.